Yàrá Ẹni Méjì ní Òkè-Àánú

Títì kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé ẹ̀kọ́ girama méjèèjì. Ní Ìsàlẹ̀-Odò, níbi tí Ìbídùn àti ọkọ rẹ̀ Akínṣọlá ń gbé, ẹ̀rọ ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ̀rọ náà sì ti kú láti ọdún tó kọjá. Ní Òkè-Àánú, èèyàn ṣì ni olùkọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń sùn ládùúgbò náà nìkan ni wọ́n ń gbà, ilẹ̀kùn ilé, tó ń ka iye ẹni tó ń sùn nínú rẹ̀, ni ẹlẹ́rìí.

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi wá yàrá. Láàárọ̀ yìí, bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, Tèmídayọ̀, ọmọ wọn ọdún mọ́kànlá, gbọ́ tí olùkọ́ kan ń fi orúkọ pe akẹ́kọ̀ọ́ kan.

"Mọ́mì, ó mọ orúkọ ẹ̀!"

Alágbàtà ilé fi yàrá tó kù hàn wọ́n. "Èèyàn méjì péré ni ilẹ̀kùn yìí gbà. Bí ẹni kẹta bá sùn síbẹ̀, wọ́n á lé ọmọ kúrò nílé ẹ̀kọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò sanra," Ìbídùn bẹ̀ ẹ́.

"Èémí ló ń kà, mà."

Akínṣọlá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn. "Èmi á máa gbé lódìkejì títì."

"Fún ọdún mẹ́fà?"

"Ìbídùn, fọwọ́ lé e kí ẹlòmíì tó dé."

Ìbídùn fa ọmọ rẹ̀ wọlé, ó sì fi ọwọ́ àwọn méjèèjì lé ara ilẹ̀kùn tẹkúntẹkún.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin méjì," ni ilẹ̀kùn wí, ó sì tì. Títí Akínṣọlá fi dé etí títì, ó ń gbọ́ tí Tèmídayọ̀ ń pe òun.