Ọtí Inú Ìgò Kékeré

Nọ́ọ̀sì àdúgbò ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù dìde nínú ìpàdé, ó ní kí wọ́n má fòfin de títa ọtí inú ìgò kékeré.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì," ni nọ́ọ̀sì wí, "ìgò tó ń wọ àpò ṣòkòtò yìí ló ń sọ àwọn ọmọ wa di ọ̀mùtí. Àbí ẹ̀yin ò bímọ ni?"



"Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo bí," ni ìyá náà dáhùn. "Bàbá ẹ̀ lé e jáde nílé nítorí ọtí. Kì í gbé fóònù mi, mi ò sì mọ ibi tó ń sùn. Àmọ́ láràárọ̀ ló ń wá ra ìgò kan lọ́wọ́ mi. Á ní, 'Ẹ káàárọ̀, mà,' bí ẹni tí ò mọ̀ mí rí. Èmi náà á wo ojú ẹ̀ dáadáa kí n tó gbé e fún un. Tẹ́ ẹ bá wá fòfin dè é, níbo ni mo ti máa rí ọmọ mi?"

Nọ́ọ̀sì rọra jókòó. Alága ní kí àwọn tó fara mọ́ òfin náà nawọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó mira.

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ gbọ̀n débi pé kò lè ṣí ìdérí ìgò. Òun ìyá ló bá a ṣí i.

Ọwọ́ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ gòkè.