Àmì Pupa Lọ́rùn Jẹ́jẹ́

Dókítà àwọn ẹranko gbé ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé lé orí tábìlì, ó sì fún ọkùnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ láyè kó wò ó dáadáa.

"Ajá yín ló ṣe é," ló wí.

Ọkùnrin náà ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Iṣẹ́ náà ti sọ ọ́ di onísùúrù, nítorí pé ẹni tó ń jókòó ti ẹni tí kò tíì dá bíréèkì mọ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń tètè bínú. Ó wo báńdéèjì, ó wo ajá. Ajá gbé orí lé ẹsẹ̀ Màmá, ìyá ọkùnrin náà, ó ń sùn.

"Jẹ́jẹ́?" ló bi í. "Jẹ́jẹ́ tí adìyẹ ń lé kúrò nídìí abọ́ oúnjẹ rẹ̀?"

"Mo na ọwọ́ sábẹ́ táwẹ́lì tí wọ́n fi bò ó, mo fa awọ ọrùn rẹ̀ sókè, mo sì yíjú sí nọ́ọ̀sì pé kó gbé abẹ́rẹ́ wá. Àfi gbàmù!"

Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n òun gbọ́ ọ: ajá ló kọ́kọ́ ké, lẹ́yìn náà ni dókítà ké. Ọkùnrin náà kò lè jiyàn, nítorí níta ló wà nígbà náà, tó ń wá ibi tó máa gbé mọ́tò sí. Màmá ló wà níbẹ̀. Òun ló mú táwẹ́lì wá láti ilé, kí Jẹ́jẹ́ má baà fojú kan abẹ́rẹ́, òun náà ló sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ajá náà tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Jẹ́jẹ́ kọ́," Màmá wí.

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, bí gbogbo ẹni tó ń sin ajá ṣe máa ń sọ nìyẹn."

"Mo ní Jẹ́jẹ́ kọ́."

Ohùn Màmá kì í ròkè. Kò ròkè lọ́jọ́ yẹn náà. Nọ́ọ̀sì rọra so àmì pupa mọ́ ajá lọ́rùn. Ajá tó bá ń gé èèyàn jẹ ni wọ́n máa ń so ó mọ́ níbẹ̀, òṣìṣẹ́ tó bá sì rí i á mọ ibi tó yẹ kóun dúró sí.

Dókítà fa ọkùnrin náà sí kọ́rídọ̀.

"Abẹ́rẹ́ kejì di oṣù tó ń bọ̀. Tó bá tún gé èèyàn jẹ, kò ní padà sílé mọ́. Abẹ́rẹ́ míì la máa fún un, kò sì ní jí."

"Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, kò sí ohun tí a lè ṣe?"

"Bí òfin wa ṣe rí nìyẹn, ọ̀gá. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀."

Ọkùnrin náà kò sọ ọ́ fún Màmá. Látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, ajá yìí ni Màmá ń bá jí, òun ló ń bá jẹun, òun ló ń rojọ́ àwọn aládùúgbò fún. Tí wọ́n bá pa á, ọkùnrin náà mọ̀ pé òkú méjì lòun máa sin.

Nílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán Jẹ́jẹ́ wò. Ó gba eegun lẹ́nu rẹ̀. Ó fà á nírù. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu títí dé ọrùn ọwọ́. Jẹ́jẹ́ lá ọwọ́ náà, ó sì dùbúlẹ̀ padà. Èyí gan-an ló wá ń kó ọkùnrin náà láyà sókè. Àbí ajá yìí ń ṣojú ayé ni? Ó di pé ó ń wọ bàtà kó tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nínú pálọ̀, ojú sì ń tì í.

Màmá ń rán etí táwẹ́lì tó ti ya. Ó fi eyín já òwú.

"Ajá lò ń bẹ̀rù?"

"Rárá o, Màmá."

"Kí ni bàtà ń ṣe lẹ́sẹ̀ rẹ nínú ilé?"

Ó bọ́ bàtà náà.

Nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, nọ́ọ̀sì rí àmì pupa, ó sì gbé ìdènu aláwọ jáde. Màmá gbá ajá mọ́ra.

"Ẹ fẹ́ di ọmọ mi lẹ́nu bí olè?"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tó ń rùn fún oògùn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Nítorí tèmi."

Màmá jọ̀wọ́ ajá, ó sì jẹ́ kí wọ́n dè é lẹ́nu. Ó da táwẹ́lì bo ajá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń sọ ọ̀rọ̀ sí i létí. Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí òun dì mú, ó sì na ọwọ́ sábẹ́ táwẹ́lì. Ọkùnrin náà di ajá lẹ́sẹ̀ mú, ó pajú dé, ó ń gbàdúrà. Jẹ́jẹ́ ké. Dókítà ké.

"Ó tún ti ṣe é!" Dókítà di ọrùn ọwọ́ mú. "Ó parí. Nọ́ọ̀sì, ẹ gbé ìgò yẹn wá."

Ọkùnrin náà ń bẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì gbé ìgò wá, ó sì ká táwẹ́lì kúrò. Jẹ́jẹ́ ń wò wọ́n. Ìdènu ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ pinpin, okùn rẹ̀ kò tú.

Màmá fi etí ìborùn nu ẹnu, ó ní kí dókítà má bínú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá tún fa awọ ọrùn ọmọ òun bẹ́ẹ̀, òun á tún gé e jẹ ni.