Òǹtẹ̀ Ìyá Onodera

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí èèyàn fi nǹkan sí níkàáwọ́.

1.
Shigeno jẹ́ olóòtú ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń tẹ mánga, ìwé ìtàn aláwòrán, ní Tokyo. Ọdún mọ́kànlá ló fi bá Ìyá Onodera ṣiṣẹ́. Bí ìyá náà bá ń yàwòrán tó gbàgbé àtijẹun, Shigeno ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ìyá yìí kórìíra ìwé ọ́fíìsì, ló bá fún Shigeno ní òǹtẹ̀ orúkọ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sábẹ́ ìwé níbẹ̀ dípò ìbuwọ́lùwé.

"Gbà, ọmọ mi. Ohun tó bá yẹ kí n tẹ̀, bá mi tẹ̀ ẹ́. Bí ọwọ́ rẹ bá tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

Ìtàn tí ìyá náà ń yà ni ti obìnrin kan létí òkun tí omi gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Lójoojúmọ́ ni obìnrin náà ń bu ìrẹsì de ọmọ, tó ń fi igi ìjẹun méjì, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ, dábùú abọ́, bí wọ́n ti ń ṣe nílẹ̀ wọn fún ẹni tó rìnrìn àjò. Ọjọ́ tó bá gbà pé ọmọ ti kú ni yóò fi igi náà gún ìrẹsì, kó dúró ṣánṣán, bí wọ́n ti ń ṣe fún òkú. Orí tó máa kẹ́yìn ìwé nìyẹn, Ìyá Onodera ò sì tíì lè yà á. Shigeno mọ ìdí rẹ̀. Ó ti rí fọ́tò ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan níbi tí wọ́n ń gbé oúnjẹ sí fún òkú nílé ìyá náà. Kò bèèrè rí, ìyá náà ò sì sọ rí.

2.
Àwọn òyìnbó dé, wọ́n fẹ́ fi ìtàn náà ṣe fíìmù. Inú ọ̀gá Shigeno dùn dé eyín ẹ̀yìn. "Shigeno, orúkọ rẹ á hàn lójú fíìmù ní Amẹ́ríkà!" Ọ̀rọ̀ yẹn kó sí i lórí. Ó ti ń wo aṣọ tó máa wọ̀ lọ wo fíìmù náà.

Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Onodera bèèrè.

"Kí wọ́n ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Kí wọ́n fi òyìnbó ṣe ìyá náà, kò burú. Ìyá ni ìyá. Ṣùgbọ́n kí ọmọ yẹn má padà wá o."

"Mo ti gbọ́, mà."

"Sọ ọ́ dáadáa o. Mi ò gbọ́ èdè wọn, ìwọ lo gbọ́ ọ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

3.
Lẹ́tà àwọn òyìnbó dé. Wọ́n ní àwọn èèyàn àwọn ò ní fẹ́ sunkún jáde nílé sinimá, nítorí náà ọmọ á padà wá láàyè. Wọ́n fi àwòrán ìran ìkẹyìn sí i: ìyá dì mọ́ ọmọ, abọ́ ìrẹsì wà níwájú ọmọ, igi ìjẹun méjì dúró ṣánṣán nínú rẹ̀. Ó ṣáà rẹwà lójú wọn. Wọ́n ní kí ẹni tó ni ìtàn tẹ òǹtẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Shigeno, tó wá kí i láti ìlú Akita, ń bó ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílé. Ó yọjú wo àwòrán náà.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n wá gbé oúnjẹ òkú síwájú rẹ̀? Ká ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ ní kékeré ni, ǹ bá dojú tábìlì yẹn délẹ̀."

"Òyìnbó ni wọ́n, Màmá. Wọn ò mọ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà ti di òyìnbó ni?"

Shigeno rẹ́rìn-ín, ó sì yí àwòrán náà dojú délẹ̀.

Ẹ gbọ́, ilé Ìyá Onodera ò ju ibùdó ọkọ̀ ojú irin mẹ́rin lọ. Shigeno lè lọ. Ó lè pè é lórí fóònù. Ó lè kọ̀wé sí àwọn òyìnbó pé ìyá ò fẹ́ kí ọmọ padà wá. Ó ní bí òun bá ṣàròyé, àwọn òyìnbó á bínú lọ, ojú á ti ọ̀gá òun. Ó ní ìyá ti dàgbà, bóyá kò tiẹ̀ ní lọ wo fíìmù náà. Nígbà tó dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, ó mú òǹtẹ̀ jáde, ó fẹ́ èémí sí ojú rẹ̀ kó lè tẹ̀ dáadáa, ó sì tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ àwòrán náà. 

4.
Fíìmù jáde. Ìyá Onodera wọ aṣọ tó dára jù, ó ní kí Shigeno jókòó ti òun. Fọ́tò ọmọ rẹ̀ wà nínú báàgì lórí itan rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ jáde láti etí òkun, gbogbo ilé sinimá pàtẹ́wọ́. Shigeno wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì Ìyá Onodera ti gbéra díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ gba ọmọ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni abọ́ ìrẹsì yọ. Ọwọ́ náà rọra padà sílẹ̀.

Orúkọ Shigeno kọjá níparí láàárín igba orúkọ. Kò ráyè kà á.

Níta, ìyá náà ní, "Wọ́n dá a padà. Wọ́n sì tún pa á lójú mi. Ta ló gbà fún wọn?"

"Òǹtẹ̀ yín ni, mà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

Ìyá náà ò pariwo. Ó tẹríba fún un bí ẹni ń kí àjèjì. "Ẹ ṣé fún wàhálà yín látọjọ́ yìí wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi òǹtẹ̀ mi ránṣẹ́."

Ọdún mọ́kànlá, "ọmọ mi" ló ń pè é. Kò sọ "ẹ" sí i rí.

"Ẹ bá mi wí, mà! Ẹ gbá mi létí!"

Ó ti ń lọ.

5.
Orí tó kẹ́yìn ìwé náà ò jáde títí dòní. Àwọn òǹkàwé ṣì ń kọ lẹ́tà pé, ṣé obìnrin náà ti gbà pé ọmọ òun kú? Shigeno ló ń dá wọn lóhùn. Lóṣooṣù ló ń gbé ọsàn lọ sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Onodera. Bó bá tún padà lọ, ọsàn tó gbé wá lóṣù tó kọjá ló ń bá níbẹ̀, ó ti bàjẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín. Bí ẹnìkan bá fi ọ̀rọ̀ rán yín, ẹ sọ ohun tó ní kí ẹ sọ, kódà bí inú ẹni ńlá kò bá ní dùn. Ẹ má fi òǹtẹ̀ rẹ̀ tẹ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ò ní tẹ̀. Bí orúkọ ẹnìkan bá sì ti sọ sí yín lọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka èyí, ẹ pè é lónìí, nígbà tó ṣì ń pè yín ní ọmọ mi.