Ọ̀kẹ́rẹ́ Adáhùn-Níbi-Gbogbo

Ààlọ́ o! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ dá mi lóhùn o, torí ẹni tí kò mọ ẹ̀ẹ̀kan ni àlọ́ mi dá lé lórí.

Lọ́jà àwọn ẹranko, igi kọ̀ọ̀kan ni òǹtajà kọ̀ọ̀kan ní. Oníbàárà á dúró láàárín, á fi orin béèrè ohun tó fẹ́, ẹni tó ní in á jẹ́ "hòo" lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n Ọ̀kẹ́rẹ́ ẹlẹ́kùrọ́ kì í gbọ́ ìbéèrè tán tí á fi máa fò látorí igi dé orí igi, á máa jẹ́ "hòo" kiri.

Lọ́jọ́ kan, ara ọmọ Etu gbóná. Etu sáré dọ́jà:

Ta ló ní efínrín o?
*Jáláńjalà.*
Ara ọmọ mi gbóná o,
*Jáláńjalà.*

"Hòo! Hòo! Hòo!" Gbogbo igi tí Etu sá dé, Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń bá, tòun ti ẹkùrọ́. Ariwo rẹ̀ bo ohùn Ìgbín tó ní efínrín mọ́lẹ̀.

Etu mí kanlẹ̀, ó yí orin padà:

Ẹni tí kò ní efínrín o,
*Jáláńjalà,*
Kó dá mi lóhùn o,
*Jáláńjalà.*

Gbogbo ọjà jẹ́ "hòo", Ọ̀kẹ́rẹ́ ló sì ké jù. Ìrókò kan lókèèrè, tí Ọ̀kẹ́rẹ́ kò lè fò dé, nìkan ló dákẹ́. Ibẹ̀ ni Etu ti bá Ìgbín. Ó ra efínrín lọ́wọ́ rẹ̀, ara ọmọ sì balẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà kejì, Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ bá Etu. "Ìyá, èmi ni mò ń dáhùn jù, kí ló dé tí ọjà mi kì í tà?"

"Ọmọ mi, bó o ṣe wà níbi gbogbo yẹn, ibo la ti fẹ́ bá ọ?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó sídìí igi kan. Nígbà tí wọ́n kọrin ẹkùrọ́, ó jẹ́ "hòo" lẹ́ẹ̀kan, kò sì fò kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ ru agbọ̀n òfìfo relé.