Akọni Méjì Di Ọ̀kan

Gbogbo ilé-iṣẹ́ ìwé ìtàn ọ̀dọ́ ní Tókíò ti di ẹyọ kan, wọ́n wá ń da àwọn akọni inú ìwé pọ̀. Ní ìpàdé àárọ̀ Ajé, Shiori òǹkọ̀wé bá Kazuma níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ àtijọ́ tí òun náà ń kọ̀wé.

"Akọni yín méjèèjì ti di ọ̀kan," olóòtú sọ fún wọn. "Ẹ ó jọ máa kọ ọ́. Bí ẹ ò bá gbà, a ó pa á."

"Ọmọ tèmi ń bẹ̀rù òkùnkùn," Shiori wí.

"Tèmi ò bẹ̀rù nǹkan kan," Kazuma fèsì. "Àmọ́ kó máa bẹ̀rù náà. A ó máa tan iná sílẹ̀ fún un."

Shiori yíjú sí fèrèsé. Wọn ò bímọ nígbà tí wọ́n fẹ́ra. Báyìí, akọni inú ìwé yìí ti sọ wọ́n di òbí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ní idà lọ́wọ́.