Àkọlé Ọ̀gá

Agbálẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi àkísà nu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ọ̀gá ń lẹ àkọlé mọ́ ògiri: "Do not expectorate."

"Kí lẹ kọ, sà?"

"Kẹ́nikẹ́ni má tutọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Màmá, Látìn ni! 'Ex' ni síta, 'pectus' ni àyà. Kéèyàn tu ohun tó wà láyà síta. Ọ̀rọ̀ ńlá ló ń dẹ́rù ba ọ̀bùn."

Ó wúkọ́, ó tu tirẹ̀ pà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkísà, ó wọlé lọ.

Àṣé ọ̀bùn gan-an ló ń kọ̀wé sí ọ̀bùn!

"Tíì mi dà?" ọ̀gá pariwo látinú yàrá.

"Ó ń bọ̀, sà."

Ó nu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà tán, ó sì fi àkísà yẹn nu ife ọ̀gá títí ó fi dán.