Páì Tí Oyèwùmí Fẹ́ Jẹ Kó Tó Lọ

Oyèwùmí ní páì lòun máa jẹ kóun tó kúrò ní Nàìjíríà. Sẹ̀kínát, ìyàwó rẹ̀, ní kó lọ jẹ ẹ́ ní Bolton, nílùú Òyìnbó tó ti kọ́ ọ.

Ọ̀la ni bàálù rẹ̀ máa gbéra. Àpótí rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Sẹ̀kínát ló lọ aṣọ inú rẹ̀, òun ló dì í, òun náà ló jókòó lé e kí síìpù tó pa dé. Pásípọ́ọ̀tù nìkan ni kò sí. Wọ́n ti tú gbogbo ilé wọn ní Alápẹ̀rẹ̀, wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì dànù, wọn ò rí i. Iṣẹ́ ọdẹ kan ń dúró de Oyèwùmí lọ́hùn-ún. Tí kò bá dé lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíì.

"Ẹ padà sí Mende lọ bi Mutolib ọ̀rẹ́ yín," ni Sẹ̀kínát wí. "Ibi tí ẹ ti mutí yó lẹ gbàgbé ẹ̀ sí."

"Mo ti bi í. Ó ní òun ò rí nǹkan kan."

"Kí lẹ fẹ́ kó sọ?"

Oyèwùmí ń bẹ Áírìṣì tó rà ní Mile 12. Ẹran màlúù àti àlùbọ́sà ti ń hó lórí iná láti àárọ̀.

"Ata ńkọ́?"

"Ata funfun díẹ̀."

"Tòmátò?"

"Kò sí tòmátò níbẹ̀."

"Oúnjẹ aláìsàn."

"Kí lẹnu ẹ mọ̀?"

Ó fi ìka fún bọ́tà mọ́ fúláwà, ó ta omi tútù sí i, ó fi ìgò bíà yí i títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Mítípáì náà ni," ni Sẹ̀kínát wí. "Wọ́n ń tà á ní Ketu."

"Kì í ṣe ìyẹn. Inú abọ́ lèyí ń wà. Orí ẹ̀ nìkan la ń bò."

Ó da ẹran àti Áírìṣì sínú abọ́, ó bò ó, ó fi fọ́ọ̀kì tẹ etí rẹ̀, ó dá ihò sí àárín kí ooru lè rí ibi gbà jáde. Ó wá kọjú sí gáàsì.

Bíi ti gbogbo ilé tó wà ládùúgbò yẹn, ìkòkò àti páànù ló ń gbé inú ófùn. Kò sẹ́ni tó tàn án rí. Sẹ̀kínát lọ dúró níwájú rẹ̀.

"Ẹ ò ní tan ófùn mi."

"Kí ló dé?"

"Gáàsì ti fẹ́ tán. Ẹ da yanrìn sínú ìkòkò, kẹ́ ẹ yan án síbẹ̀, bí a ṣe ń yan kéèkì láyé ìjọ́sí."

"Kúrò níbẹ̀, jọ̀ọ́."

"Aáyán ló kún bẹ̀, Daddy Success!"

Oyèwùmí tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń fa ìkòkò yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ wọ́n mọ́lẹ̀ gbàràmù.

"O ti sú mi, obìnrin yìí. Kílẹ̀ ọ̀la tètè mọ́."

"Èmi náà ń bẹ Ọlọ́run pé kó mọ́. Ẹ máa lọ!"

Àmọ́ Sẹ̀kínát fúnra rẹ̀ ò lọ. Ó ń wo páì náà.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ẹni tó mọ oúnjẹ sè."

"Òun ló ń bọ̀ wá pàdé yín ní éépọ́ọ̀tù?"

Oyèwùmí ń wá ìṣáná.

"Ìgbà wo lẹ máa padà?"

"Padà wá ṣe kí ni?"

Sẹ̀kínát rí ìṣáná náà kí ọkọ rẹ̀ tó rí i. Ó mú un, ó kúnlẹ̀, ó ṣí gáàsì, ó sì tan ófùn náà fúnra rẹ̀.

"Ṣé kó gbóná gan-an?"

"Gan-an ni."

Ó yí i dé òpin.

Oyèwùmí gbé páì sínú ófùn, ó lọ jókòó lórí àpótí rẹ̀. Òórùn bọ́tà kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan kan wá ń rùn bíi ọ̀rá tó ń jóná.

"Kí ló ń rùn yẹn?"

"Mo ṣáà sọ fún yín pé aáyán wà níbẹ̀. Ẹ má ṣí i, kí páì yín má bàa bàjẹ́."

Nígbà tó jinná, orí rẹ̀ pọ́n dáadáa. Sẹ̀kínát jẹ tirẹ̀ tán láìbéèrè ata, ó tún bu òmíràn. Oyèwùmí nu ẹnu, ó ní tóun bá sinmi díẹ̀, òun á tún wá pásípọ́ọ̀tù náà.

Sẹ̀kínát ní òun á bá a wá a, ó sì ń dúró kí ófùn náà tutù, kó lè gbá eérú pásípọ́ọ̀tù kúrò lábẹ́ irin ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tó fi í pamọ́ sí lálẹ́ ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ mutí yó ti Mende dé.